Aṣọ Ìnujú Pásítọ̀ Okùn

Èèyàn mẹ́sàn-án ló ti há sínú lífìtì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan ń gún mi níhà, báàgì ẹlòmíì wà lórí bàtà mi. Bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ́ pa dé ni ọwọ́ kan wọ àárín rẹ̀, ilẹ̀kùn sì padà ṣí. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín ẹ bọ́ sílẹ̀."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní òun ti pẹ́. Ẹnì kan ní ta ló rán an níṣẹ́. Kò bá wọn jà. Ó kàn ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí òjò ṣú, títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi. Ó wù mí kí n sọ pé mo gbójú kúrò. N ò gbójú kúrò. Ojú yẹn ò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé, "N ò fẹ́ kí nǹkan ṣe yín." Èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ rá pálá bọ́ sílẹ̀.

Ó fi káàdì pupa kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ WỌ̀ Ọ́.

"Yéè! Pásítọ̀ Okùn ti dé!" Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pàtẹ́wọ́. "Ibi tí eléyìí bá ti wàásù, ẹsẹ̀ ni gbogbo ìjọ fi ń gòkè!"

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa yẹ lífìtì wò kiri ilé gíga-gíga. Wọ́n ní ó máa ń gbàdúrà kó tó ṣí àpótí rẹ̀, àti pé bí okùn irin tó ń fa lífìtì ò bá dáa, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú un fọwọ́ sí i pé kí èèyàn wọ̀ ọ́. Èmi ní tèmi, akọ̀wé ni mo jẹ́ fún ọ̀gá tó ń bójú tó ilé alájà mẹ́jọ náà. Àjà kẹrin ni ọ́fíìsì wa. Ilé ìwòsàn ojú wà ní àjà keje.

Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé ẹnì kan láti inú ilé gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Èmi ni ọ̀gá rán. A gòkè dé yàrá kékeré orí òrùlé níbi tí ẹ̀rọ wà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ aṣọ ìnujú funfun kan lápò, ó fi wé okùn irin, ó dì í mú fẹ́rẹ́, ó ní kí n tẹ bọ́tìnì kan. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́.

"Okùn irin kì í já lẹ́ẹ̀kan náà, arábìnrin," ó ní. "Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ń já ní kọ̀rọ̀. Ojú lè má rí i, àmọ́ òwú máa mọ̀."

*Fàá.* Aṣọ náà kọ́ irin, ó ya. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí n ka àwọn fọ́nrán tó ti já. Mọ́kànlá ni mo kà, níbi tí kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fẹ́ ju aṣọ náà nù. Mo ní kó fún mi.

"Ó ti bàjẹ́ o."

"Ẹ ṣáà fún mi."

Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo ń kà, lọ́fínńdà ni aṣọ ìnujú ọkùnrin máa ń rùn. Gírísì ni èyí ń rùn. Mo ká a sínú báàgì mi bákan náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá a lórí àtẹ̀gùn àjà karùn-ún. Ìyá àgbà kan tí wọ́n di ojú rẹ̀ kan pa wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ jòjòló. Òógùn bò ó.

"Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo ti lífìtì pa?"

"Èmi ni, màmá."

"Ẹ̀yìn ẹ lo fi ń san án nìyẹn." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti níyàwó?"

"Rárá, màmá."

"O ti ń pẹ́ jù. Ẹ̀yìn yìí ti tó ọmọ pọ̀n!"

Mo fi fáìlì bo ojú mi sáré kọjá.

Ọjọ́ náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Okùn tuntun ń bọ̀ lójú omi, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ní bí lífìtì ò bá ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn ń kó lọ. Díákónì ni ọ̀gá mi nínú ìjọ wa, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú ń pọ́n ọn ni. Ó pe Pásítọ̀ Okùn, ó ní kó fọwọ́ sí i ná, kí okùn máa bọ̀ lẹ́yìn.

"Kò burú, sà," ọkùnrin náà ní. "Àmọ́ ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́ dé àjà kẹjọ."

Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní dókítà ní kí òun máa rìn.

Bí Pásítọ̀ Okùn ṣe jáde, ọ̀gá pè mí. Ó ní kí n tẹ lẹ́tà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà pé ọkùnrin náà mutí yó wá síbi iṣẹ́, kí wọ́n rán ẹlòmíì. Lábẹ́ rẹ̀, kí èmi fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Ọ̀gá, kò mutí."

"Ta ló bi ọ́? Ìwọ nìkan lo bá a dé orí òrùlé. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá wọn ń bọ̀ wá gbà á." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló mú ọ wọ iṣẹ́ yìí? Ọlọ́run mọ ọkàn wa."

Òun ló mú mi wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé. Lọ́jọ́ tí mo ríṣẹ́, màmá mi jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀ níwájú ìjọ. Díákónì yìí ló bá a mú un nílẹ̀.

Nílé, mo rò ó fún màmá mi. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè.

"Ṣé o rí i tó mutí?"

"Rárá, màámi."

"Kí lo wá ń bi mí sí?" Ó ká ẹyọ kan sí i. "Mo máa sunkún díẹ̀ o, torí iṣẹ́ yẹn. Má dá mi lẹ́kun. Ṣáà lọ ṣe ohun tó yẹ."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dá Pásítọ̀ Okùn dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Wọ́n ní kí n jẹ́rìí pé ẹ mutí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọ́n máa lé mi nìyẹn."

"Ẹ ò ní bẹ̀ mí?"

Ó mirí. "Bí mo bá bẹ̀ yín, tèmi lẹ máa ṣe. Èmi náà bẹ̀rù, arábìnrin, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ má tìtorí mi ṣe é."

Ọkàn mi ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn, irú èyí tí wọ́n ń sọ lábẹ́ òṣùpá. Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan tí mo tíì kà tó mú mi lọ́kàn tó yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi kò gbìyànjú láti fà mí síbi tó wù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá Pásítọ̀ Okùn gun àtẹ̀gùn dé. Ìyá kan tó wọ ìgò ojú ni, ó ń mí gúle-gúle. Pásítọ̀ Okùn dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Lẹ́tà ẹlẹ́rìí dà?" ìyá náà bèèrè.

Ọ̀gá mi ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀gá fẹ́lẹ́, kò níbùwọ́lù. Tèmi ki, torí mo ká nǹkan kan sínú rẹ̀: aṣọ funfun tó ya, tí gírísì ti pa láró. Èyí tó ki ni mo mú. Mo gbé e kọjá níwájú tábìlì ọ̀gá.

"Ṣé èyí tí mo sọ fún ọ nìyẹn?" ọ̀gá rọra bèèrè.

"Rárá, sà. Èyí tí mo rí ni."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà, ó sì gbà á.