Àwo Kan Tó Kù

Nílé wa, Ọ̀gá Ẹ̀jẹ̀ là ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tá a bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń hù: bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe ń wá ara wọn kiri, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n á sì di ihò tóóró tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà kọjá. Inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun ló ti ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn agbẹ̀bí á bá a gé e, wọ́n á kó o sínú ike, ó di láàbù, níbi tó ti ń ṣe ìwádìí. Ohun tí àwọn ìyá ń jù nù ni, kò sẹ́ni tó ń bá a du ú.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi fún un ní ti ọmọ tèmi, torí mo rò pé a jọ ń bọ̀ wálé ni. Ọmọ náà ò jáde láàyè ní ọsibítù. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ò pé.

Nígbà tí mi ò lè jẹun mọ́, ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí láàbù. Ó gbé àwo kékeré kan jáde látinú àpótí tó ń mú wọn móoru, ó fi sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní, "Wá wo ọmọ rẹ." Àwọn nǹkan tíntìntín kan di ara wọn mú, wọ́n ta kiri bí àwọ̀n. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ kí i. "Ọkọ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta." Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń darúgbó. Ṣe ni wọ́n ń pín wọn láti àwo sí àwo títí agbára wọn á fi tán. Nígbà tó yá, ó ku àwo kan ṣoṣo. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó gbé e síta, tó ń fa oògùn sínú ọ̀pá gíláàsì. Oògùn tó ń dán wò náà ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ara wọn sílẹ̀, kí iṣan tó ń bọ́ kókó jẹjẹrẹ lè tú ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá òmíràn."

"Èyí ló lẹ̀ mọ́ra jù. Òun ni mo nílò."

"Ọmọ mi nìyẹn!"

"Sẹ́ẹ̀lì ni. Á kú lọ́sẹ̀ yìí, bó o fẹ́ bó o kọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀ nígbà náà."

Mo dúró síwájú tábìlì, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó wo aago, ó wò mí. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀.

"Kì í ṣe tìẹ. Tìẹ ti bàjẹ́ tipẹ́, mo dà á nù. Ti obìnrin kan ni mò ń fi hàn ọ́ kó o lè jẹun. Ọmọ tirẹ̀ wà láàyè, ó ti ń rìn."

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì yẹn! Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni mo bínú sí. Obìnrin yẹn ni, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó gbé ọmọ tirẹ̀ relé.

"Ẹ gbé ọ̀pá oògùn yẹn wá. Èmi ni màá dà á."

Kò bá mi jiyàn. Ó fi ibi tí màá dà á sí hàn mí. Mo dà á, mo sì fojú sí awò. Mo ń sọ ọ́ sókè pé, "Ẹ tú! Ẹ tú!"

Wọn ò tètè tú. Wọ́n rọ̀ mọ́ra, wọ́n ń fà gbọọrọ, ó pẹ́ kí ọ̀kan tó já, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi di roboto, tí wọ́n ń léfòó kiri. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Kò tíì sí èyí tó pẹ́ tó báyìí rí! Wo bí ọmọ rẹ ṣe gbìyànjú tó!"

Mo ní, "Ọmọ ta, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ ń fọwọ́.

"Ká ní mo sọ òótọ́ ni, o ò ní gbà kí n lò ó," ló sọ níkẹyìn, ó kẹ́yìn sí mi. "Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí."

Ọ̀pá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.