Òdòdó Lórí Tábìlì Mẹ́rìnlélógún

Ìgbéyàwó ọmọ ọmọ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí obìnrin tó máa ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Rìbọ́ọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ohun tí kò lè so rìbọ́ọ̀nù mọ́. Bí ẹ bá jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, á so ọ̀kan mọ́ yín lọ́rùn. Ó tẹ́ àwòrán kalẹ̀ níwájú wa, ó sì fi okùn tó fi ń wọn nǹkan kọ́rùn bíi télọ̀.

Ó ní, "Ìyá, tábìlì mẹ́rìnlélógún ni gbọ̀ngàn yẹn gbà. Tó bá jẹ́ òdòdó tútù, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Òdòdó rọ́bà, ẹgbẹ̀rún méjì. Aṣọ funfun lásán, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ṣe é."

Ọmọ ọmọ mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Aṣọ lásán."

Èmi náà ní, "Òdòdó tútù."

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tábìlì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti lọ aṣọ tábìlì débi pé bó bá wo àbàwọ́n kan, á sọ irú èèyàn tó jókòó níbẹ̀ fún ọ.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ ohun tí òdòdó ń fojú aṣọ rí. Lẹ́búlẹ́bú tó wà láàárín rẹ̀ yẹn, bó bá ti ta sí aṣọ funfun, ó ti di onílé nìyẹn. A ó bu ọṣẹ sí i, a ó sè é, á kàn máa wò wá lójú ni."

Rìbọ́ọ̀nù ní, "Ṣé ìwọ lo máa fọ aṣọ ìgbéyàwó ara rẹ ni, ìyàwó?"

"Ta lẹ rò pé wọ́n máa kó o fún láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí ẹ̀rín yẹn, torí a ò tíì rín irú rẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí.

Mo dìde, mo fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Owó wà níbẹ̀, mo fi aṣọ wé e. Igba ẹgbẹ̀rún ni, ó dín ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo ti mọ iye tó jẹ́ kí Rìbọ́ọ̀nù tó dé, torí mo ti bi í lọ́nà kọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi kó o jọ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi di orí mú. "Màmá! Ẹ ní eyín tó ń dùn yín, ẹ ò lọ yọ ọ́. Ṣé owó òdòdó lẹ fi ń tọ́jú?"

"Kì í ṣe tèmi. Ìyá rẹ ló sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èyí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ilé-ìwé ni mo ti ń nu ilẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Mo nu yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, n kò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri tí mo ń nù. Ọmọ mi ló kọ́ mi. Àlòkù ṣọ́ọ̀kì tí mo bá gbá jọ ló fi ń kọ́ mi ní álífábẹ́ẹ̀tì lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Mo mọ̀ ọ́n tó ohun tí mo fi ń ka orúkọ ọjà lára páálí. Àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni a ò tíì dé. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ rinlẹ̀ ná. Àmì ń bọ̀ tó bá yá." Kò yá mọ́, àìsàn dé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ júwe bírò, mo ya ẹ̀yìn páálí oògùn fún un. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó di ọwọ́ mi mú títí mo fi mi orí pé mo ti gbọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Páálí yẹn ni mo fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀: òdòdó fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọmọ ọmọ mi rọra ní, "Ẹ ò sọ fún mi rí pé mọ́mì mi kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Abẹ́ owó yẹn ló wà. Mo mú un fún un. Ó kọ́kọ́ fi ìka pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó sùn. Lẹ́yìn náà ló kà á síta. Báyìí ló rí lórí páálí náà, kò ní àmì kankan:

Mama. Ododo fun omo mi lojo igbeyawo re. E ma fi pamo.

Rìbọ́ọ̀nù nu ojú. "Ó ti parí. Òdòdó tútù ni. Ta ló máa bá òkú ọ̀run jiyàn?"

Ọmọ ọmọ mi tún un kà, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

Ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n ní kí ẹ má fi pamọ́?"

"Owó ni. Pé kí n má ṣahun."

"Àmọ́ mọ́mì mi ò fẹ́ràn òdòdó. Ṣé ẹ ò rántí? Bí òdòdó bá wọ yàrá, wọ́n á sín títí ojú wọn á fi wú. Nígbà tí olùkọ́ wa fún mi ní ọ̀kan lọ́jọ́ ìparí ẹ̀kọ́, ojú fèrèsé níta ni wọ́n ní kí n gbé e sí."

Èmi tí gbogbo ẹbí ń bi ní ìtàn, tí mo rántí àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi gbé mi wálé ọkọ, mo jókòó sórí àga mi, mo sì gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń sín láti inú ilẹ̀ wá. Lóòótọ́ ni. Bí ó ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Ó ní, "Bóyá kì í ṣe òdòdó. Bí wọ́n bá fi ohùn míì kà á ńkọ́? Òdodo. Òdodo fún ọmọ mi. Ẹ má fi pamọ́." Ó kọjú sí mi. "Màmá, òdodo wo?"

Rìbọ́ọ̀nù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kó àwòrán rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun rántí pé òun ní nǹkan lórí iná. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó dàbọ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi. Mo ní bàbá rẹ̀ ò kú.

Awakọ̀ ẹrù ni bàbá rẹ̀, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Ẹnu mi ló lé e jáde nílé. Mo ní òórùn epo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọmọ mi tó ń kọ́ èèyàn ní ìwé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, a máa jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ń dún bọ̀, á dìde. Bó bá kọjá, á tún jókòó. N kò lè wò ó mọ́. Mo ní, "Bàbá rẹ ti kú. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé." Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ò jókòó lórí àtẹ̀gùn mọ́. Mo pe ìyẹn ní ìwòsàn.

Nígbà tí a sin ìyá rẹ̀ tán, ọkùnrin náà wá. Ó mú bàtà pupa kan lọ́wọ́, ó ti kéré ju ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ, torí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ló ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin ọ̀kan, n kò fẹ́ kí wọ́n gba èkejì. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo ní ọmọ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa lókè òkun. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Bó bá dé, ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà ní gáréèjì kan náà." Bàtà yẹn, ọmọ aládùúgbò ni mo fún.

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ ọmọ mi ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn ní, "Gáréèjì wo?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà láti ọ̀sán. Bí ọkọ̀ bá ń dún bọ̀, mo dìde.

Nígbà tó dé, kò wọlé, ó dúró síwájú mi. Ó ní àwọn awakọ̀ àgbàlagbà méjì ló bá níbẹ̀. Ó ní òun ò tíì dárúkọ bàbá òun tán tí ọ̀kan fi fò dìde, tó di òun lọ́wọ́ méjèèjì mú, tó ní, "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Ọmọ òkè òkun! A ti retí yín tó!"

Ó ní wọ́n gbé àga fún òun. Wọ́n ní bàbá òun máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé ọmọ òun ò ní pẹ́ dé. Fọ́tò òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin wà lókè gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ títí oòrùn fi fá ojú rẹ̀ dànù. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n sin bàbá òun.

Oṣù kẹwàá rèé tí a dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ṣì wà láyé nígbà yẹn.

Ó ní, "Màmá, oṣù mẹ́fà." Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, ó sì ṣọ́ra kí aṣọ rẹ̀ má kan tèmi.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíì. Òdòdó ṣeé rà, ìdí tí ojú mi fi rí òdòdó lórí páálí nìyẹn. Ṣé mo kúkú mọ̀? Ọjọ́ kan wà, láìpẹ́ sí ìgbà tí ọmọ mi kú, tí mo bi ara mi pé ta ló ń fi òdòdó pamọ́. Mo dá páálí náà padà sínú dúrọ́ọ̀, mo lọ fọ abọ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Aṣọ funfun lásán ló wà lórí tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbogbo rẹ̀. Kò sí òdòdó, kò sí rìbọ́ọ̀nù. Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, àga méjì wà tẹ́nì kankan ò jókòó sí, ife omi wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé ta ni kò tíì dé.

Tábìlì àwọn àgbà ni wọ́n fi mí sí, àyè tó dára ni. Owó òdòdó wà nínú àpò mi, mo gbé e wá, n kò mọ ohun tí mo rò pé mo máa fi rà. Mo fọwọ́ pa aṣọ tábìlì lára. Ó mọ́, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀.

Ìyàwó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń kí àwọn àlejò. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kí ìyá ọkọ rẹ̀ àgbà, ó kí ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Ó wá kàn mí. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Màmá ló ń pè mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bó ṣe rín in fún gbogbo wọn, ó tẹ orí ba díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà."