Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì

Láti àárọ̀ ni Mùyìbátù àti Ládòkun ọkọ rẹ̀ ti ń jiyàn nílé wọn ní Ìsẹ́yìn lórí ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi. Ládòkun fẹ́ wo òkun Àgbádárìgì. Mùyìbátù ní ẹja Ẹ̀pẹ́ lòun fẹ́ lọ jẹ ní tòun. Àfi gbìì tí awakọ̀ kan sọ àpò iṣu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kọjú sí Mùyìbátù.

“Màmá yín ní Ìgbòho ní ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí ẹ wá. Wọn ò tíì fẹnu kan iṣu tuntun. Àfi kí ẹ̀yin àkọ́bí wọn kọ́kọ́ jẹ ẹ́.”

Ojú gba Mùyìbátù tì. Iṣẹ́ wo?

“Ó dáa, Ẹ̀pẹ́ náà ni,” Ládòkun juwọ́ sílẹ̀.

Mùyìbátù ti bẹ iṣu kan. Ó ń jẹ ẹ́ láìsè é, kí ìyá rẹ̀ lè rí iṣu jẹ.