Òǹtẹ̀ Káńsù Lórí Ilẹ̀ Bùrẹ́ímọ̀

Ara Bùrẹ́ímọ̀ oníṣòwò obì kò gba ìjókòó mọ́. Ọdún tí Ọbabìnrin ti Ìlú Ọba wá ni, ó sì fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá sí àárín ìlú Ìfọ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè yóò ti rí i. Sìmẹ́ńtì ti kún yàrá, òjò sì ń bọ̀. Òǹtẹ̀ káńsù nìkan ló kù. Wolé-wolé ní láti wo ilẹ̀, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé àwòrán ilé, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ohun tí kò sí nínú àwòrán, wíwó ni wọ́n ń wó o. Káńsù kì í ṣeré!

"Bàbá Mùsáfírù, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o," ni Sùwéébátù ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ̀sọ̀ kẹ̀? Ṣé ẹ̀sọ̀ ni yóò bá mi dá òjò dúró?"

Ìwàǹwára yìí ló jẹ́ kó sọ fún ayàwòrán pé kó yọ sàréè ìyá òun tó wà lẹ́yìnkùlé kúrò nínú àwòrán. Wọ́n ti sọ fún un pé bí káńsù bá rí sàréè, wọ́n á ní kí gbogbo mọ̀lẹ́bí wá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ á sì fà gùn. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, wolé-wolé, wá wo ilẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀ to pákó bo sàréè náà mọ́lẹ̀.

"Ìyá mi ni," ló ń wí lábẹ́lẹ̀. "Wọn ò ní bínú."

Àfi ìgbà tí òǹtẹ̀ dé lóòótọ́! Bùrẹ́ímọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ní ọ́fíìsì. Lásúnkànmí fi ìka tọ́ka sí igun àwòrán náà.

"Ṣáláńgá yín ló sún mọ́ kànga jù. Mo ti gbé e lọ síbi tí ẹ to pákó sí, níwọ̀n ìgbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bùrẹ́ímọ̀ ká àwòrán náà, ó kọrí sílé. Nígbà tó délé, àwọn bíríkìlà ti kó ṣọ́bìrì dé, wọ́n ń bi í níbi tí àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Sùwéébátù.

"Yéè! Ṣáláńgá lórí Ìyá?"

Bùrẹ́ímọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kó pákó náà kúrò tán, ó ní kí àwọn bíríkìlà máa lọ, ó sì padà sí káńsù.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fagi lé òǹtẹ̀ náà. Sàréè ìyá mi ló wà níbẹ̀."

Lásúnkànmí fa àwòrán náà sọ́dọ̀. "Ẹ sì fi pákó bò wọ́n mọ́lẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ la ó ti mú un o. Sìmẹ́ńtì yín á gan mọ́ inú àpò."

"Kó gan," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí, ó sì jókòó.