Aṣọ Tuntun Màmá Ojú-Ọjọ́

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn wọn ò ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tuntun dé, gbogbo wọn sì ń rìn bí ẹni tó ga sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n yọ pátákó àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ti ilé-iṣẹ́ ńlá tó sọ wọ́n di ẹ̀ka rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Gbogbo nǹkan di àwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn di àwọ̀ ewé, ife tíì di àwọ̀ ewé. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni tó bá máa yọjú lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wọ̀ náà, àwọ̀ ewé ni.

Màmá Ojú-Ọjọ́ gba tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó wọ̀ ọ́. Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti ìgbà tó ti ń pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló ti ń sọ fún wọn bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la, àbíkẹ́yìn ọ̀hún sì ti wọlé ọkọ báyìí. Àyà rẹ̀ ń já lọ́jọ́ yìí, torí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka wọn ti sọ pé olú ilé-iṣẹ́ máa wo gbogbo wọn, ẹni tó bá ṣe dáadáa ni ètò rẹ̀ máa dúró. Iṣẹ́ yìí ló mọ̀, òun náà ló sì fẹ́ràn.

"Àǹtí, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ máa ń dúró sí, kẹ́ ẹ wo nǹkan," oníkámẹ́rà ní.

Aṣọ àwọ̀ ewé ló ti wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohunkóhun tó bá ti ní àwọ̀ yẹn, ẹ̀rọ á pa á rẹ́, á fi máàpù àti ìkùukùu dípò. Obìnrin náà wo tẹlifíṣàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí orí ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó ń fò lókè máàpù.

"Ara mi dà?"

"Máàpù ti gbé e mì, Àǹtí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín ò pa á mọ́, ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ.

"Ọ̀gá, aṣọ yìí ò bá ògiri mi rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wọ tèmi."

"Màmá, àṣẹ ni. Ẹ ṣáà wọ̀ ọ́." Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ wá wò ó ni?"

"Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá."

Ó ṣe é ní kàyéfì. Ọkùnrin tó máa ń pariwo bí yẹtí lásán bá wọ́, òun ni ò bìkítà pé obìnrin fẹ́ jáde láìní ara? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ń tú u wò lọ́kàn títí wọ́n fi pè é.

Bí wọ́n ṣe ṣí kámẹ́rà, orí yọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, kí ẹni tó bá sá aṣọ tètè kó o wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún dá fò lọ síbi tí òjò máa gbà wá. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ.

Kò tíì kúrò lójú kan tí fóònù ọ̀gá àgbà, tó ti wá dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, fi dún. Ọ̀gá olú ilé-iṣẹ́ ni. Ọ̀gá àgbà wí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" díẹ̀, ó na fóònù sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ara yín dà?"

"Abẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ló wà, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Inú obìnrin náà dùn, ó ní àsìkò nìyí. "Sà, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n máa ṣe é lọ?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. "Mà, láti ọ̀la, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ojú ọjọ́ á ti máa wá fún gbogbo ẹ̀ka. A ti fẹnu kò lé e lórí lóṣù tó kọjá. Ṣé ọ̀gá yín ò sọ fún yín ni?"

Ó dúpẹ́, ó dá fóònù padà. Ọ̀gá àgbà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màmá, ẹnu mi ni ò gbà á," ó ní. "Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó yé e ìdí tí aṣọ ò fi jẹ́ nǹkankan lójú ọ̀gá. Ó dùn ún wọnú eegun. Kì í ṣe ti iṣẹ́, kò sí iṣẹ́ tí kì í parí.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ó ní. "Ǹ bá wọ aṣọ tèmi, kí wọ́n rí mi látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe é kẹ́yìn."