Ìbọn tí Kì í Dójú Tini

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Hezekiah, kò ní àléébù kan tó tayọ pé ó ní ìbọn tó dára jù ú lọ.

Jọ́ọ̀sì ló ti rà á, nígbà tó ń wa ọkọ̀ fún àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà. Kì í ṣe ṣakabùlà tí à ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù sí lẹ́nu bí ẹni tó ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ọta márùn-ún ló ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Igi kan wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀ tí èèyàn ń fà sẹ́yìn, tí á sì tún tì síwájú. Gbogbo ìgbà tí a bá ti fà á, ọta tó wà nínú á bọ́ sílẹ̀, ì báà yìn, ì báà má yìn, òmíràn á sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Fà-á-tì-í.

Bàbá Hezekiah máa ń sọ fún gbogbo àlejò pé ìbọn òun kì í dójú tini. Òjò ni, erùpẹ̀ ni, kì í kọ̀. Òótọ́ ni. Láti ọdún mẹ́ta tó ti gbé e wálé, kò kọ iṣẹ́ rí, nítorí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rí.

Àbí kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́. Òun ni Bàbá Hezekiah ń fi kọ́ fìlà ní pálọ̀. Òun ló fi ń gbé ẹrù oúnjẹ kọ́ èjìká lọ sóko. Tí ìjà ilẹ̀ bá dé, òun ló fi ń nàka sí ààlà, ìjà náà á sì tètè parí. Tí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́, ó ń fi í ti ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi wá irinṣẹ́ mìíràn tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kàbà.

Èmi ni mo ń nù ún. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gbé nǹkan fún pé kó nù. Ní gbogbo Sátidé, màá tú u, màá fi òróró pa á, màá tún un tò. Màá sá àwọn ọta sóòrùn, torí páálí ni ara wọn, wọ́n sì máa ń wú tí omi bá kàn wọ́n.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìdílé ní kí ìyá mi, Martha, máa dá oko iṣu ọ̀nà Ìyàmoyè lọ, kí Bàbá Hezekiah sì máa bá a ṣọ́ ọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú ìgbẹ́, hú gbogbo èbù tí a gbìn. Bàbá Hezekiah bá dìde láàárín àwọn àgbà, ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, a jẹ́ pé obìnrin ò lè di oko mú nìyẹn, àwọn ọmọkùnrin òun ni yóò gbà á. Àwọn àgbà mi orí. Bí ẹni tí yóò jogún oko tó bá bàjẹ́ ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó má bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti gbọ́ nípa ẹni tó fi ọ̀bọ ṣọ́ àgbàdo. Ti ọ̀bọ yẹn tiẹ̀ sàn, kò ní ìwé àṣẹ ìbọn.

Nígbà tí ọdún náà dé, ó ṣọ́ ọ dáadáa. Ìdájí ni túùkú ń jáde, wọ́n á sì ti padà sígbó kí oòrùn tó yọ. Bàbá Hezekiah ń dé ní agogo mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ẹ̀kọ àti àkàrà. Láti agogo mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán, kò sí túùkú tó láyà láti fẹsẹ̀ kan oko wa. Lọ́sẹ̀ kìíní, ebè mọ́kànlá lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ogójì.

Ìyá mi gba ilé Bàbá Láwọ̀yín lọ, olórí ọdẹ wa. Bàbá Láwọ̀yín kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ránṣẹ́ sí Bàbá Hezekiah pé òun fẹ́ wo ìbọn tí kì í dójú tini yẹn lẹ́nu iṣẹ́, kí gbogbo wa pàdé lóko ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ta ni yóò kọ irú ìyìn bẹ́ẹ̀?

A lúgọ sẹ́yìn abà. Ìrì ń kán. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, túùkú méje jáde, akọ ńlá kan ló ṣíwájú. Bàbá Láwọ̀yín fa ṣakabùlà rẹ̀. Ó dún kẹ́, ó sì dákẹ́. Ìrì ti wọ inú ẹ̀tù. Akọ yẹn yíjú sí wa.

Ó wá ku Fà-á-tì-í. Bàbá Hezekiah gbé e, ó fà á, ó tì í. Ọta kan bọ́ sílẹ̀. Ó tún fà á, ó tún tì í. Ìka rẹ̀ kò kan irin kékeré tó ń mú ìbọn yìn rárá. Kí n tó ṣẹ́jú, ọta márààrún ti wà nínú koríko bí ẹyin adìyẹ. Ó ní ọta ti tán, ó ti ìbọn sí mi lọ́wọ́, ó gun igi igbá. Ìyẹn náà dùn mọ́ mi, torí orúnkún ló ti ń dùn ún láti Ọdún Àjíǹde.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọta kan. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ Sátidé rẹ̀. Mo ki í, mo fà á, mo tì í, mo yìn ín. Túùkú ṣubú níwájú ebè ìyá mi. Èmi náà ṣubú, ìdí ni mo fi balẹ̀. Àwọn yòókù sá wọgbó.

Bàbá Láwọ̀yín ṣa ọta mẹ́rin tó kù àti páálí èyí tó yìn, ó kó wọn sápò.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pín ẹran lágbàlá rẹ̀. Nílùú wa, ẹni tó ni ìbọn ló ni orí, ẹni tó yìn ín ló ni itan. Bàbá Hezekiah béèrè méjèèjì. Ó ròyìn bí ọta àkọ́kọ́ ṣe wọ ojú, tí ìkejì wọ ọrùn, ó ń ka ìkẹta bọ̀. Ó ní èmi ni mo bá òun di fìlà mú. Àwọn èèyàn ń mi orí. Mo wolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi.

Bàbá Láwọ̀yín tú àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Hezekiah, ọta tó bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á là. Wo mẹ́rin yìí, ẹnu wọn ṣì pa dé. Èwo ló lọ sójú, èwo ló lọ sọ́rùn?"

Bàbá Hezekiah ní bóyá irú ti tuntun ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín látẹ̀yìn.

Bàbá Láwọ̀yín yíjú sí mi. "Agatha, ta ló yìn ín?"

N kò sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí. Mo wo ìyá mi. Erùpẹ̀ oko ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Bàbá Hezekiah wà lórí igi."

Ẹ̀rín bo àgbàlá. Nígbà tó rọlẹ̀, Bàbá Láwọ̀yín ní gbogbo wa ti rí i pé ìbọn náà kì í dójú tini lóòótọ́, kí ó kúkú dúró sí abà títí a ó fi wa iṣu. Ẹni tó bá lè ṣọ́ oko ló lè dì í mú, ọ̀rọ̀ oko Martha sì parí síbẹ̀. Bàbá Hezekiah sáré fi yé wọn pé orúkọ òun ló wà nínú ìwé àṣẹ.

"Ó dáa," ni Bàbá Láwọ̀yín wí. "Jẹ́ kí ìwé náà máa ṣọ́ ilé rẹ."

Wọ́n gbé itan fún wa. Wọ́n gbé orí fún un, torí àṣà ni àṣà. Ó jẹ ẹran ara orí náà tán, ó gbẹ́ egungun rẹ̀ mọ́, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí ìbọn wà tẹ́lẹ̀. Ehín túùkú náà ló ń fi kọ́ fìlà báyìí. Mo gbọ́ pé kì í dójú tini.