Ojú Ọ̀gá Òkè

Ọ̀gá Òkè ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń wa kiréènì tó ga ju gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ohun kan ti ń di méjì lójú rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ọ̀gá Òkè ń jókòó sí. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gun kiréènì mọ́, àfi tí dókítà ojú bá ní ara rẹ̀ ti yá.

Dókítà fún un ní ìgò dúdú ńlá kan tí wọ́n ń dé mọ́ ojú, tí àwòrán ń hàn nínú rẹ̀ bíi géèmù. Téèyàn bá ti dé e, inú ayé mìíràn ló máa bá ara rẹ̀. Ojú ọ̀tún á rí òrùka, ojú òsì á rí bọ́ọ̀lù. Àfi kí ojú méjèèjì fìmọ̀ ṣọ̀kan kí bọ́ọ̀lù tó lè wọ inú òrùka. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ojú méjèèjì sì kẹ̀yìn síra wọn bí orogún. Inú ìgò yẹn gbóná, ó há, ọkùnrin náà sì kórìíra rẹ̀.

Ni ọkùnrin yìí bá gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Á di ojú kan, á wo ibi tí òrùka wà. Á la èkejì, á ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ta ló máa rí ojú rẹ̀ lábẹ́ ìgò? Bọ́ọ̀lù ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gá," ni dókítà wí. "Ojú yín ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ti bà á. Tó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń gba ẹrù kiréènì nílẹ̀. Ó dákẹ́ bí ẹni gbé omi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ tó padà sókè, ó gbé àwọn ọ̀pá irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Òógùn bò ó nínú yàrá gíláàsì kékeré náà. Tó bá di ojú kan, kò mọ bí irin ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Tó bá la méjèèjì, irin di ìlọ́po méjì. Kò sì lè fi ẹrù sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ó rí èèyàn méjì tó dé akoto pupa. Ó rò pé àbúrò òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ni. Ó pariwo sínú wọkitọ́kì:

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sún sẹ́yìn!"



"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wá sọ, "èmi nìkan ni mo wà níbí."

Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Ìtìjú bò ó, síbẹ̀ ó la ẹnu.

"Kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ojú mi ò tíì san, irọ́ ni mo pa fún dókítà. Lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó o máa darí mi."

Ó di ojú méjèèjì kí wọ́n má bàa tún tàn án jẹ, ó sì di ọwọ́ ẹ̀rọ mú.

"Díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn àbúrò rẹ̀ ń wí, ó ti ń sunkún. "Díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ ṣì jìnnà."